Ọjọ́ Kan Nínú Mọ́tò Onílé, àti Ìlú Tí Àwọn Asásálà Tẹ̀ Dó Sórí Òkè

  Àwọn kan nínú ẹ̀yin ará ilé wa tí ẹ ń bẹ ní Òkè Ọya ti bi akọ̀wé wa léèrè ìdí tí ẹ kò fi rí ọ̀rọ̀ mi kà nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù tí ó kọjá. Ara mi le, kò sí aburú kankan. Ìrìn àjò ni mo lọ. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ lọ kí ọmọ wa ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, a sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀.

Bí mo bá ní kí n ro gbogbo ohun tí ojú mi rí, ìwé yìí kò ní gbà á. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ọjọ́ náà tí ó kan gbogbo àwa tí a ń jẹun ní ìlú onílùú.

Kí n má fi igbá kan bọ̀kan nínú, ìjà ni mo gbé lọ bá ọmọ mi. Ó pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń wí fún un pé kí ó ra ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó sì kọ́ ilé sí i. Ó ní òun gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú “mo gbọ́” tí àwọn ọmọ ìwòyí máa ń wí. Ṣùgbọ́n ní àárín ọdún, ó tẹ̀ mí láago pé ilé ìfowópamọ́ kan fẹ́ yá òun lówó kí òun fi ra ilé ní ilẹ̀ Faransé, pé òun yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ fún 20 ọdún. Láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti kùn mí mọ́.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn bàbá mi yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìlú Tamale ní Ghana ni bàbá mi ti ṣòwò títí irun rẹ̀ fi funfun, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ó kọ́ ilé méjì sí Tamale. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Ghana, lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ẹ ní bàbá tàbí ìyá tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà náà. Mo rántí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi lórí lọ́rì, tí òjò ìrì sì ń sẹ̀ sí i lóru. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni a sùn sí fún ọdún méjì. Bàbá mi kò tún ṣe bí ọkùnrin mọ́ lẹ́yìn èyíinì, títí ó fi kú. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ mi fẹ́ kó owó 20 ọdún sí ilẹ̀ àjèjì, ọ̀rọ̀ Tamale ni etí mi ń gbọ́.

Ọmọ náà mọ̀ pé ìjà ń bọ̀. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìn wò. Bí a bá rìn tán, ohunkóhun tí ẹ bá wí ni kí ẹ wí.” Ni ó bá lọ háyà mọ́tò onílé kan fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹni tí kò rí irú mọ́tò yìí rí lè rò pé àsọdùn ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju bọ́ọ̀sì tí ń kó èrò láti Jọ́ọ̀s lọ sí Kàdúná lọ, ṣùgbọ́n ibùsùn wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́fà, sítóòfù onígáàsì wà níbẹ̀, fìríìjì ń bẹ, tábìlì ń bẹ, ilé ìyàgbẹ́ kékeré pàápàá wà nínú kọ̀rọ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní camping-car. Bí ó bá ti wọn 3,500 kìlógíráàmù tàbí kí ó dín, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán lè wà á. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé àṣẹ mìíràn ni yóò gbà. Táǹkì méjì ni ó gbé sábẹ́, ọ̀kan fún omi mímọ́, èkejì fún omi ìdọ̀tí. Ènìyàn kò gbọdọ̀ da omi ìdọ̀tí náà sílẹ̀ bí ó ti wù ú. Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni ó ti ṣe ibi kan sílẹ̀ tí mọ́tò onílé yóò ti da ìdọ̀tí rẹ̀ nù, tí yóò sì pọn omi tuntun.

Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ wo inú rẹ̀ tán, ó ní, “Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìgbín ni ẹ sọ wá dà.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta ìrìn náà ni mo ń ròyìn. Ìlú Millau ni a sùn mọ́jú, lẹ́bàá odò Tarn, ní ibi tí àwọn onímọ́tò onílé ń sanwó sùn sí. Nígbà tí mo jí, tí mo ṣí aṣọ ojú fèrèsé, mo rí afárá kan lókè réré, tí ìkùukùu ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Gígùn afárá yìí jẹ́ mítà 2,460. Òpó méje ni ó gbé e dúró, ibi tí ó ga jùlọ lára rẹ̀ sì jẹ́ mítà 343, èyí tí ó ga ju ilé ìṣọ́ Eiffel ti Paris lọ. Michel Virlogeux, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, àti Norman Foster, ayàwòrán ilé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n pilẹ̀ rẹ̀. Ààrẹ Jacques Chirac sì ṣí i ní ọjọ́ 14 oṣù December 2004. Kí wọ́n tó ṣe é, inú ìlú Millau ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ń ti Paris lọ sí ìhà gúúsù ní láti gbà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn a sì dúró jẹ́ẹ́ bí màlúù tí ó dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Nísinsìnyí, orí ìlú náà ni wọ́n ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ ní sọ̀kalẹ̀. Mo wí fún ọmọ mi pé bí ọ̀nà bá ti yí, ìlú náà gbọ́dọ̀ yí. Ó mi orí. Èmi kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lówùúrọ̀ yóò padà wá bá mi lálẹ́.

Láti Millau, a gba ọ̀nà ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní D999. Ìrìn ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pé 150 kìlómítà, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ni ó gbà wá, nítorí ọ̀nà náà lọ́, ó tún wé, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ sí àfonífojì. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, bí àwa náà ti ń ṣe ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù April 1972. Láti 2018 ni ìjọba wọn ti dín eré kù láti 90 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan ní púpọ̀ nínú ọ̀nà ìgbèríko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbègbè kan ti dá 90 padà sí àwọn ọ̀nà kan. Nínú ìlú, 50 ni.

Òfin kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lẹ́kún. Ní oríta tí kò bá sí àmì kankan, ẹni tí ó ń ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ bọ̀ ni ó ni ọ̀nà, bí ọ̀nà tirẹ̀ tilẹ̀ tóóró bí ọ̀nà oko. Ní abúlé kan, bàbá arúgbó kan tí ó wa mọ́tò kékeré yọ sí wa láti ọwọ́ ọ̀tún láìwo ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi tẹ bíréèkì. Àpótí ìkó-nǹkan-sí tí a kò pa dé dáadáa ṣí, ìkòkò àti ṣíbí sì bọ́ sílẹ̀ wọnwọnwọn. Mo fẹ́ bú bàbá náà. Ọmọ mi ní, “Bàbá, òun ni ó jàre.” Bàbá náà gbé fìlà fún wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A yà díẹ̀ sí Roquefort, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì. Wàrà àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é, inú ihò òkè kan tí ń jẹ́ Combalou ni wọ́n sì ń kó o sí kí ó lè gbó. Òkè náà ní ojú sísán tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé, atẹ́gùn yìí ni ó ń ràn án lọ́wọ́ tí àwọ̀ aró fi ń ṣẹ́ yọ nínú rẹ̀. Láti 1925 ni òfin ti wà pé wàràkàṣì tí kò bá gbó nínú ihò Roquefort kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà. Ìyá àwọn ọmọ tọ́ ọ wò, ó ní wàrà àwọn Fúlàní tí a ń rà ní Jọ́ọ̀s kò ní irú òórùn yìí láéláé. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ó mú ẹ̀ẹ̀kejì.

A gba Saint-Affrique kọjá, a sì dé Saint-Sernin-sur-Rance nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí. A fẹ́ ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn gbogbo ti tì. Ní ìgbèríko wọn, bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, olúkúlùkù a lọ jẹun nílé, kò sì sí ẹni tí yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù ṣáájú agogo méjì. Ìyàwó ọmọ mi kò tilẹ̀ bínú. Ó gbé omi kaná, ó ro ẹ̀bà, ó sì gbọn ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ó ti sè láti Toulouse. Lábẹ́ igi ni a ti jẹ ẹ́, àwọn tí ń kọjá sì ń wí “bon appétit” fún wa, èyí tí í ṣe pé kí oúnjẹ náà dùn lẹ́nu wa.

Níbẹ̀ ni ọmọ mi ti sọ ìtàn kan. Ní oṣù January 1800, ní Saint-Sernin yìí gan-an, wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tí ó ti inú igbó jáde wá, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí 12. Kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni, kò sì lè sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un lọ sí Paris, dókítà kan tí ń jẹ́ Itard sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Victor, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ geere títí ó fi kú. Ọmọ-ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń gbọ́. Ó fi Faransé béèrè ohun kan. Bàbá rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé, “Ó ní ta ni bàbá rẹ̀?” Mo wo ọmọ náà. Ẹ̀jẹ̀ mi ni, imú bàbá mi ni ó wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni ó wà láàárín wa.

Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìjà mi nìyẹn. Mo ní, “Ṣé o rí i? Ọmọ tí kò ní ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, báwo ni yóò ṣe mọ èdè Ògbómọ̀ṣọ́?” Mo sọ ọ̀rọ̀ Tamale. Mo sọ ọ̀rọ̀ 1969. Ọmọ mi dákẹ́ títí mo fi sọ tán. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú. Ilé tí ẹ kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1991, òru mélòó ni ẹ sùn nínú rẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá?”

Mo kà á nínú ara mi. Òru márùn-ún ni. Ìsìnkú ni ó tilẹ̀ gbé mi lọ.

Ó ní, “Ta ni ó wà nínú rẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí?”

Mo ní, “Ọlọ́dẹ.”

Ìyá rẹ̀ ní, “Àti àdán.”

Mo dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Alban.

Albi ni a ti rí ohun tí ó yọ wá nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Láti òkèèrè ni ènìyàn yóò ti rí ilé ìsìn ńlá Sainte-Cécile, tí a fi bíríkì pupa kọ́, tí ó ga tí ó sì le bí odi ológun. Ní 1282 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbà wọ́n tó igba ọdún. A kò lè wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí àárín ìlú, nítorí irin tí wọ́n gbé dábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ní mítà méjì péré, mọ́tò tiwa sì sún mọ́ mítà mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìlú ni a gbé e sí, a sì fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Odò Tarn tí a fi sílẹ̀ ní Millau lówùúrọ̀ náà ni ó tún ń ṣàn kọjá lábẹ́ ilé ìsìn náà.

Orúkọ Albi ni wọ́n fi pe ogun kan tí ó ba gbogbo àgbègbè yẹn jẹ́. Láti 1209 títí di 1229 ni ó jà. Póòpù ni ó pe ogun náà sí àwọn onígbàgbọ́ kan tí ìjọ Àgùdà kà sí aládàámọ̀, àwọn ìjòyè ìhà àríwá Faransé sì fi ṣe ọ̀nà láti gba ilẹ̀ ìhà gúúsù. Wọ́n sun ìlú, wọ́n wó odi, ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Saint-Marcel sì wà lára èyí tí wọ́n wó. Àwọn ènìyàn fọ́n káàkiri. Ní ọjọ́ 4 oṣù November 1222, Raymond Keje, tí í ṣe olórí Toulouse, fún wọn ní ìwé àṣẹ láti tẹ ìlú tuntun dó sórí òkè kan, kìlómítà 25 sí Albi. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá wá gbé ibẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn owó orí àti owó bodè kan. Orúkọ ìlú náà ni Cordes. Ibẹ̀ ni a ń lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé ẹsẹ̀ òkè náà. Mọ́tò onílé kò lè gun àwọn òpópó tóóró rẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni a gbé e sí. Ọkọ̀ kékeré kan wà tí ń gbé àlejò gòkè, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sá fún òkè. Eékún mi gbọ́ èdè mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Òkúta ni gbogbo ilẹ̀, ó ń yọ̀, ó sì ga sókè bí àkàsọ̀. A gba ẹnubodè kan kọjá, a tún dé òmíràn, nítorí pé nígbà tí odi kìíní kún fún ènìyàn, wọ́n tún mọ òmíràn yí i ká. Bí àwọn ará Ẹ̀gbá ti sá di abẹ́ Olúmọ ní 1830 tí Abẹ́òkúta fi di ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn asásálà yìí sọ òkè di ọjà. Wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe awọ, wọ́n là. Ilé àwọn olówó wọn ṣì dúró, ilé òkúta alájà mẹ́ta, tí a gbẹ́ ẹyẹ àti ajá ọdẹ sí ara ògiri wọn.

Ní àárín ìlú ni ọjà wà, òrùlé ńlá kan lórí òpó òkúta 24. Kànga kan wà níbẹ̀ tí jíjìn rẹ̀ ju mítà 113 lọ. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ti gbẹ́ kànga rí lórí ilẹ̀ olókùúta Jọ́ọ̀s. Ọwọ́ lásán àti ohun èlò irin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ la òkè náà kọjá, kí òùngbẹ má baà lé wọn jáde bí ọ̀tá bá dó tì wọ́n.

Ọmọ-ọmọ mi rọ̀ mọ́ etí kànga náà. Ó gbìyànjú láti sọ Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, “Bàbá Àgbà, ta ló gbẹ́ ẹ?”

Mo ní, “Àwọn tí wọ́n sá fún ogun ni.”

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n padà sílé?”

Èmi kò mọ̀ pé ìbéèrè ọmọdé lè di ẹrù lọ́wọ́ àgbàlagbà. Mo ní, “Rárá. Ibí yìí ni ó di ilé wọn.”

A bẹ̀rẹ̀ sí rìn nínú òpópó bí ilẹ̀ ti ń ṣú, ni mo bá kíyè sí ohun kan. Àwọn àlejò ti sọ̀kalẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fèrèsé sì wà ní títì pa. Ìlú tí ìwé ìtàn sọ pé ènìyàn rẹ̀ lé ní 5,000 nígbà tí ó lókìkí, iye àwọn tí ń gbé e nísinsìnyí kò pé 1,000. Mo bi ọmọ mi léèrè ohun tí ó dé. Ó ní òwò yà kúrò. Òkè tí ó gba àwọn ènìyàn là nígbà ogun, òun kan náà ni ó ń da ẹlẹ́rù láàmú nígbà àlàáfíà. Àjàkálẹ̀ àrùn pa púpọ̀, ogun mìíràn tún dé, ọ̀nà òwò sì gba ibòmíràn. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀rọ tí ń kó ọnà sí aṣọ dé láti Switzerland, ìlú náà tún jí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn náà parẹ́. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi wọlé, òrùlé ń jìn, ògiri ń wó.

Ta ni ó wá tún un ṣe? Àlejò ni. Ní 1940, nígbà tí ogun Hitler dé ilẹ̀ Faransé, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Yves Brayer wá sá pamọ́ síbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n tún àwọn ilé ṣe. Àwọn oníṣẹ́ awọ, oníṣẹ́ gíláàsì àti agbẹ́gilére ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Ní 1993 ni wọ́n fi “sur-Ciel” kún orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni pé Cordes lójú ọ̀run. Ní 2014, nínú ìdíje tẹlifíṣọ̀n kan, àwọn Faransé yàn án ní ìlú kékeré tí wọ́n fẹ́ràn jùlọ.

A bá obìnrin oníṣẹ́ awọ kan sọ̀rọ̀ bí ó ti ń pa ilẹ̀kùn dé. Kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Òkè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó ń gbé, nígbà òtútù àti nígbà ooru. Ó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ilé tí ó tì pa ni ó ní olówó tí ń gbé ìlú ńlá, tí ń wá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún. Ìyá àwọn ọmọ wò mí. Kò sọ ohunkóhun. Mo ti mọ ohun tí ó fẹ́ wí: ilé tiwa ni ó rí lára àwọn fèrèsé náà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lórí tábìlì kékeré inú mọ́tò, mo bá ọmọ mi parí ọ̀rọ̀. Mo wí fún un pé kì í ṣe pé bàbá mi kọ́ ilé sí Tamale ni ó burú. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó yẹ kí ó ti gbẹ́ kànga. Ohun tí ó dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n lé wa, kò sí ilẹ̀kùn kan tí a lè ṣí. Ṣùgbọ́n ilé tí èmi náà kọ́ nítorí ìbẹ̀rù yẹn, mo tì í pa fún àdán. Àwa tí a rí September 2001 àti November 2008 ní Jọ́ọ̀s mọ̀ pé àwọn kan nínú wa sáré lọ sílé nígbà náà, wọ́n bá páànù tí atẹ́gùn ti ká lọ, wọ́n bá kànga tí koríko ti bò. Ilé wà, ibùgbé kò sí.

Àdéhùn wa nìyí. Kí ó ra ilé tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, mo sì fi àdúrà sí i. Kí ó má kọ́ ilé tuntun sí Ògbómọ̀ṣọ́. Owó tí ìbá fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó fi tún òrùlé tèmi ṣe, kí ó sì gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sínú ọgbà rẹ̀, kí àdúgbò máa pọn ún. Èmi ti fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó jẹ́ tísà ní yàrá méjì nínú ilé náà láìgba owó, kí iná lè máa tàn níbẹ̀ lálẹ́. Ní oṣù August tí ń bọ̀, àwọn ọmọ náà yóò wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níbẹ̀, èmi àti ìyá wọn àgbà yóò sì wà pẹ̀lú wọn. A ó rí ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ fún ẹnì kejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó gbéra, ìkùukùu ti gba gbogbo àfonífojì odò Cérou. Ẹsẹ̀ òkè náà kò sí mọ́. Ìlú náà nìkan ni a rí lókè, bí ẹni pé kò ní ìpìlẹ̀ kankan. Ọmọ-ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Èmi náà wò ó pẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé wa, èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni ta ilé bàbá rẹ̀, èmi kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìlú tí ó ń jẹun ṣe ọ̀rẹ́. Àlejò ni ó tẹ Cordes dó, àlejò ni ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù lọ ka iye òru tí ó sùn ní ilé rẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá, kí ó sì ronú kan ẹbí tí kò ní ibi tí yóò gbé, tí kọ́kọ́rọ́ ilé náà sì lè wúlò fún. Èmi ti ka tèmi sójú yín. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Ìròyìn àwọn tí wọ́n bímọ, àwọn tí wọ́n ṣe ìyàwó àti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wà ní ojú ewé tí ó kàn. Ẹ bá àwọn aláyọ̀ yọ̀, kí ẹ sì lọ kí àwọn tí ọkàn wọn bàjẹ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.